Bọ́ọ̀lù Tó Bọ́ Sọ́wọ́ Ehoro

Àlọ́ o!
Àlọ̀!
Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó bọ́ sọ́wọ́ Ehoro.

Nígbà tí odò ń gbẹ, àwọn ẹranko ńlá àti kékeré gbá kíríkẹ́ẹ̀tì, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, láti mọ ẹni tí yóò máa kọ́kọ́ mu omi. Ó ku kí Ìmàdò gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún àwọn ńlá. Bí Ehoro, tó ń ṣeré fún àwọn kékeré, kò bá mú un lókè kó tó kan ilẹ̀, àwọn ńlá ló borí, ẹrẹ̀ làwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa mu.

Ti àkọ́kọ́ fò ó kọjá.

“Elétí gbọọrọ, fi etí mú un!” Ìmàdò ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́ẹ̀kejì, Ehoro dìde nínú eruku tòun ti bọ́ọ̀lù. Eruku kò jẹ́ kí Ìgbín, adájọ́ eré náà, ríran, ló bá kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ehoro, ṣé ó kan ilẹ̀? Tèrènà!

Ehoro dáhùn pé, “Ó kan ilẹ̀.”

“O pa wá o!” Ọ̀kẹ́rẹ́ figbe ta.

Lẹ́ẹ̀kẹta, Ehoro fò sókè, ó mú un, eruku bo gbogbo wọn. “Ó kan ilẹ̀!” làwọn ńlá ń pariwo.

Ehoro, ṣé ó kan ilẹ̀? Tèrènà!

“Kò kàn án.”

Ìmàdò ju igi rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ panu mọ́! Bó bá kàn án ni, Ehoro ì bá ti sọ.”

Àwọn kékeré gbé Ehoro lé èjìká, wọ́n jó dé odò, àwọn ọmọ rẹ̀ sì mumi yó.

Bí àlọ́ mi kò bá kan ilẹ̀, ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi.