Ẹgbẹ̀rún Ọmọ Ayò Ó Lé Mẹ́sàn-án

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ mi, ẹ má ṣe jẹ́ kí àyè kankan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, nítorí èmi Ọdẹ́gbàmí tí ẹ ń wò yìí, mo ti mọ ohun tí à ń pè ní àdáwà. Láti ọjọ́ tí Àwẹ̀ró aya mi ti kú ni mo ti ń dáná jẹ, bí àbúrò mi bá sì pè mí wá jẹun, màá ní kí ó fi mí sílẹ̀, pé àṣẹ́kù ni mí. Àwọn àgbà ní igi kan kì í dágbó ṣe, ṣùgbọ́n agídí kò jẹ́ kí n gbọ́. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo wọ Igbó Àdáwà lọ.

Ìyá arúgbó iwin kan jókòó sábẹ́ ìrókò níbẹ̀, olójú kan, ẹlẹ́sẹ̀ kan, òkìtì ọmọ ayò wà níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ, ẹgbẹ̀rún ọmọ ayò ó lé mẹ́sàn-án nìyí. Pín wọn sí òkìtì tó dọ́gba, kí òkìtì ju ẹyọ kan lọ, kí ọmọ ayò inú ọ̀kọ̀ọ̀kan náà ju ẹyọ kan lọ. Bí wọn kò bá ṣeé pín, sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Bí o bá rẹ́ mi jẹ, èmi àti ìwọ ni a ó jọ máa jókòó síbí títí láé."

Mo rẹ́rìn-ín, àṣé ẹ̀rín òmùgọ̀ ni. Mo pín in sí méjì, ọ̀kan ṣẹ́kù. Mo pín in sí mẹ́ta, mo pín in sí mẹ́rin, ọ̀kan ṣẹ́kù. Márùn-ún, mẹ́rin ló ṣẹ́kù. Mẹ́fà, méje, ọ̀kan yẹn náà ni, tó ń wò mí bí ọmọ òrukàn. Ẹ sì mọ àṣà àwa ọdẹ: bí a bá ń pín ẹran, a ó ju ẹyọ kan sínú igbó fún onígbó. Ọwọ́ mi ti ju ọmọ ayò náà nù kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Òkìtì méje sì dọ́gba régérégé.

Iwin náà bú sẹ́kún. Ó ní, "Gbogbo ọdẹ tó ń wá síbí ló ń ju ẹyọ yẹn nù, tí wọ́n sì ń sá fi mí sílẹ̀. Ẹyọ yẹn sì ni èmi."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, nítorí èmi náà ti sun irú ẹkún yẹn rí. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi tú ewé kí n tó rí ẹyọ kan yẹn. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í pín, títí mo fi dé òkìtì mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo wá dáwọ́ dúró.

Mo ní, "Ìyá, wọn kò ṣeé pín. Bí òkìtì bá ju báyìí lọ, ohun tí yóò wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ní í tó méjìlélọ́gbọ̀n, gbogbo iye tí kò tó bẹ́ẹ̀ ni mo sì ti fi pín wọn, tí kò dọ́gba."

Ó nu ojú rẹ̀ nù. "Òótọ́ lo sọ. Irú wa, àwa iye tí kò ṣeé pín, pọ̀, kò sí ẹni ìkẹyìn nínú wa, ṣùgbọ́n bí a bá ṣe ń tóbi sí i ni a máa ń jìnnà síra wa. Máa lọ sílé, ọdẹ." Ó sì fi ọ̀nà hàn mí.

Nígbà tí mo dé ilé, àbúrò mi, aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn mẹ́ta ń jẹun. Ènìyàn márùn-ún ni wọ́n, abọ́ mẹ́fà ló wà nílẹ̀. Mo bi ìyàwó pé ta ló ni ìkẹfà.

Ó ní, "Ẹ̀yin ni, ọkọ mi. Láti ọjọ́ tí ìyálé mi ti lọ ni mo ti ń bù ú sílẹ̀. Ẹ kàn kì í wá ni."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó pe ara rẹ̀ ní àṣẹ́kù, kí ó kọ́kọ́ lọ ka abọ́ ilé rẹ̀.