Ọ̀kẹ́rẹ́ Adẹ́mu àti Ọ̀pẹ Tí Kò Rí Ìsinmi

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ààlọ́ mi gbéra fẹ̀rẹ̀, ó dá lórí Ọ̀kẹ́rẹ́, adẹ́mu ìlú ẹranko.

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀pẹ kan ṣoṣo ni Ọ̀kẹ́rẹ́ jogún. Lára rẹ̀ ni òun àti Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, ti ń jẹun. Àṣà àwọn adẹ́mu sì ni pé, bí wọ́n bá dẹ́mu lára ọ̀pẹ fún sáà kan, wọn a gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ ní sáà kejì, kí ọgbẹ́ rẹ̀ lè jiná.

Sáà ìsinmi dé. Ìgbà náà gan-an ni Erin, ọba ẹranko, fẹ́ fi ọmọ fọ́kọ. Ó pe Ọ̀kẹ́rẹ́, ó ní, “Ìwọ onírù bí ọwọ̀ yìí, ọrùn rẹ ni ẹmu ìyàwó wà. Bí ó bá tó, n ó fi ọ́ jẹ olórí adẹ́mu. Bí kò bá tó, ilé rẹ ni n ó gbé ẹsẹ̀ lé.”

Inú Ọ̀kẹ́rẹ́ dùn dé ìrù. Ó gun ọ̀pẹ, ó gbẹ́ ihò kan, ó so akèrègbè mọ́ ọn.

Àwẹ̀ró ké láti ìsàlẹ̀: “Baálé mi, ọ̀pẹ kì í ṣe odò o!”

“Gbẹ́nu dákẹ́! Òwò tí kò bá ń ga sí i, òwò òkú ni!”

Ni ọ̀pẹ bá dárin:

Ọ̀kẹ́rẹ́, jẹ́ n sinmi o,
*Tóóró-tó!*
Ọgbẹ́ mi kò tíì jiná,
*Tóóró-tó!*
Bí mo kú, ta ni yóò bọ́ ọ?
*Tóóró-tó!*

Ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín: “Ọ̀pẹ tó lè kọrin, ẹmu ṣì kù nínú rẹ̀!” Ó gbẹ́ ihò kejì.

Ọ̀pẹ tún dárin, ohùn rẹ̀ ti há:

Ọ̀kẹ́rẹ́, jẹ́ n sinmi o,
*Tóóró-tó!*

Ó gbẹ́ ihò kẹta. Ọ̀pẹ kò fọhùn mọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ pàtẹ́wọ́: “Àwẹ̀ró, ṣé o rí i? Ó ti gbà!”

Ẹrù ni Àwẹ̀ró ń dì.

Ọjọ́ ìyàwó pé. Gbogbo ẹranko pé jọ sábẹ́ ọ̀pẹ. Ọ̀kẹ́rẹ́ kígbe láti òkè: “Ẹ gbé igbá yín sókè!” Ó da akèrègbè. Ìdin ni ó bọ́ sínú igbá Erin, pọ́tọ́, pọ́tọ́, pọ́tọ́! Kí Ọ̀kẹ́rẹ́ tó tọrọ àforíjì, orí ọ̀pẹ tó ti jẹrà kán, kẹ́ẹ́! Ọ̀kẹ́rẹ́ já bọ́, ó fi ìdí dí ihò imú Erin. Erin sín, háṣìn! Ó sín in dé igbó kejì.

Erin wá gbé ẹsẹ̀. Gbì! Ilé Ọ̀kẹ́rẹ́ di pẹrẹsẹ.

Àwẹ̀ró bá ọkọ rẹ̀ nínú ẹ̀gún. Ó ní, “Olórí adẹ́mu, ẹ kú oyè o. Igi ta ni a ó sùn sí lónìí?”

Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń fò láti orí igi onígi dé orí igi onígi, tí ó ń jí ẹyìn jẹ, tí ó sì ń wẹ̀yìn bóyá ẹni tó ni ín ń bọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ààlọ́ mi kọ́ wa pé kí a má ṣe fi iye akèrègbè wọn òwò. Igi tí ẹmu inú rẹ̀ ti ń wá ni kí a kọ́kọ́ wò. Òwò tó bá pa ìyá tó bí i, ọmọ òrukàn ni. Ẹni tó bá ní mo purọ́, kó lọ bi Ọ̀kẹ́rẹ́, bí ìyẹn bá lè dúró gbọ́ ọ.