Ìjàpá So Àkísà Mọ́ Ọgbọ́n Rẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó bá jókòó ti Ìjàpá.

Láyé ọjọ́un, bí a bá ń pa èkùrọ́ lórí òkúta, fíì ló ń ta wọgbó. Ìjàpá ló kọ́kọ́ gbẹ́ ihò kékeré sójú òkúta, tí èkùrọ́ fi jókòó jẹ́ẹ́. Iṣẹ́ yìí ló fi ń bọ́ ìyàwó rẹ̀. Àmọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́, aládùúgbò rẹ̀, wò ó, ó gbẹ́ ihò tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju ti Ìjàpá lọ. Inú bí Ìjàpá. Ó gba ààfin Kìnnìún lọ.

"Kábíyèsí, bí mo bá so àkísà mọ́ igi ìdáná mi, ta ló máa fọwọ́ kàn án?"

"Kò sẹ́ni tó jẹ́. Ààlè ni."

"Ẹ jẹ́ kí n so ó mọ́ ọgbọ́n mi náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pa ààlè sí àrà kan, kí ẹlòmíràn má dá a mọ́."

Kìnnìún yán. "Alábahun, o ò ní sinmi. Ó dáa, ó di òfin. Fún gbogbo wa ni o."

Ẹ̀yin gbọ́ èyí tó sọ gbẹ̀yìn. Ìjàpá ò gbọ́ ọ. Ó so àkísà mọ́ òkúta, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Òkúta mi ń ró,
Kó-kò-kó!
Ọgbọ́n mi ni,
Kó-kò-kó!
Ọ̀kẹ́rẹ́, gbẹ́sẹ̀,
Kó-kò-kó!

Ọ̀kẹ́rẹ́ kó ẹrù, ó gun igi lọ. "Eyín ni n ó máa fi họ tèmi."

Erin ò pa èkùrọ́ rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ará ilé rẹ̀ pọ̀, àkísà sì pọ̀ nílé rẹ̀. Wọ́n so wọ́n kún iwájú ààfin. Ọ̀kan fún gbígbé ọwọ́ sókè láti pa èkùrọ́. Ọ̀kan fún sísọ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀kan fún jíjókòó ti òkúta.

Ọjọ́ kẹta, Ẹfọ̀n, agbẹnusọ Erin, dé ọ̀dọ̀ Ìjàpá:

Ta ló gbọ́wọ́ sókè?
Kó-kò-kó!
Erin ló ni ín,
Kó-kò-kó!
Wá rojọ́ láàfin,
Kó-kò-kó!

"Ẹ̀gbọ́n Ẹfọ̀n, ṣé Erin ń pa èkùrọ́ ni?"

"Èmi ò béèrè. Àkísà ni mo rí."

Ìjàpá rìn dé ààfin. Wọ́n ní ẹjọ́ di ọ̀túnla. Ó padà. Ó tún lọ. Erin ò wá. Agbẹnusọ mẹ́fà ló rán. Wọ́n tún sún un síwájú. Ẹ̀rùn dé, ẹ̀rùn lọ. Ẹjọ́ ò tán, ẹsẹ̀ Ìjàpá ló tán. Òfin ò sì jẹ́ kó fọ́ èkùrọ́ kan ṣoṣo.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Baálé mi, ṣé àkísà ni kí n sè?"

Ìjàpá lọ dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ pa òfin yìí rẹ́."

"Ta ló bẹ̀ mí kí n ṣe é?"

Ìjàpá dìde, ó wọ́ ẹsẹ̀ padà sílé.

Erin wá rán Ẹfọ̀n sí i: "Fún mi ní ihò ojú òkúta yẹn, n ó jẹ́ kí o máa gbọ́wọ́ sókè." Ìjàpá tú àkísà rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. Kí ni ì bá ṣe?

Láti ọjọ́ náà ni Ìjàpá ti ń rọra yọ orí kó tó gbé ẹsẹ̀ kan. Ó ń wò ó bóyá Erin ti so àkísà mọ́ rírìn. Bó bá sì gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, á fa orí wọlé. Ó rò pé wọ́n tún wá pè é sẹ́jọ́ ni.

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí nìyẹn. Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa, kí ẹ má gbe orin mi mọ́.