Ọba Tí Igún Kò Jẹ Ẹbọ Rẹ̀

Ìtìjú bo Ọba Adéoríọ̀kín, Aláràbà ti Ìgbó-Àràbà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gbé ẹbọ ọdún lọ sí ìdí àràbà ńlá ẹ̀yìn odi, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ẹbọ jẹrà síbẹ̀, igún kankan kò bà lé e. Bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa ti wí i pé bí a kò bá rí igún, a kò gbọdọ̀ ṣẹbọ. Òfin ìlú náà kò sì fi bò: ọba tí igún bá kọ ẹbọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò ṣígbá wò, yóò sì kú. Ìlú ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọ̀run ti kọ Aláràbà. Ó gbọ́, ó sì dùn ún dọ́kàn.

Ó dìde, ó tọ Ìyánífá Ifátóyàngàn lọ, arúgbó tí kì í fi òótọ́ pamọ́ fún adé. Ó ní kí ó bá òun bi Ifá léèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí igún fi kọ òun.

Ifátóyàngàn wo ohun tí Ifá fi hàn, ó mi orí.

"Kábíyèsí, ìbéèrè yín ló ṣì. Ṣé igún kọ ẹbọ yín ni, àbí kò sí igún mọ́? Ìgbà wo lẹ rí ọ̀kan gbẹ̀yìn?"

Ọba ronú títí, kò rántí. Àràbà tí igún ń kún bámúbámú nígbà èwe rẹ̀ ti dá páropáro, kò sì sẹ́ni tó gbójú sókè wò ó.

"Kí ni kí n fi rúbọ, Ìyá?"

"Ẹran kọ́ lẹbọ yìí. Ẹ ṣí àká ààfin. Ẹ yan ọdẹ tó ní sùúrù, kí ẹ máa bọ́ ará ilé wọn kí ebi má baà lé wọn wálé. Kí wọ́n lọ máa ṣọ́ igún: ibi tó ń sùn, bó ṣe ń yé, ohun tó ń pa á. Wọn kò gbọdọ̀ ta ọfà kan. Èsì tí wọ́n bá mú bọ̀, bó korò bí ewúro, ẹ ò gbọdọ̀ bá wọn jiyàn. Ibẹ̀ gan-an lẹbọ wà."

Nígbà tí ìgbìmọ̀ gbọ́, Àṣípa Ọ̀jẹ́gbèmí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Kábíyèsí, àtikékeré ni igún ti pá lórí. Ṣé irun lẹ fẹ́ fi ọrọ̀ ìlú rà fún un ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọba kò rín. Ó ṣí àká.

Òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé, àwọn ọdẹ kò tíì wálé. Àgbàdo ń dín kù nínú àká, Àṣípa kò sì jẹ́ kí ọba gbàgbé. Ìgbà tí wọ́n padà dé, Ọdẹ́gbàmí olórí wọn dọ̀bálẹ̀, kò fẹ́ dìde.

"Kábíyèsí, wọ́n kù díẹ̀ lórí àpáta lọ́hùn-ún. Ẹyin kan ṣoṣo ni abo wọn ń yé lọ́dún. Ẹran onímájèlé tí à ń dẹ sílẹ̀ fún ìkookò, àwọn ló ń jẹ ẹ́ kú." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ààfin ló pàṣẹ májèlé náà."

Lóòótọ́ ni. Ìkookò ń kó ewúrẹ́ ààfin jẹ, ọba sì pàṣẹ. Iyàn ti dé ẹnu rẹ̀ kí ó tó rántí ìkìlọ̀ Ifátóyàngàn. Ó gbé e mì. Ó jáde síta gbangba, ó ní, "Ẹ̀yin ará mi, igún kò kọ̀ mí. Èmi ni mo pa wọ́n."

Láti ọjọ́ náà ó fòfin de májèlé, ó ní kí wọ́n fi ọgbà ẹlẹ́gùn-ún yí ẹran ọ̀sìn ká, ó sì fi àwọn ọdẹ yẹn ṣe olùṣọ́ àpáta, kí àká máa bọ́ wọn lọ. Gbogbo ilé kó májèlé dànù àfi Àṣípa. Ó ní ẹran òun ṣọ̀wọ́n ju ẹyẹ apárí lọ.

Ọdún kẹta pé. Wọ́n gbé ẹbọ dé ìdí àràbà, ọba dúró tì í, ó ti múra ikú. Ó pẹ́ kí òjìji kan tó kọjá lórí ilẹ̀. Igún kan bà sórí àràbà, òmíràn tẹ̀ lé e, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n jẹ ẹbọ náà tán pátápátá. Igbe ayọ̀ sọ nínú ìlú. Ọba sunkún, ó sì jó.

Àṣípa kò sí níbẹ̀. Oko ló wà, níbi tí àwọn ajá ọdẹ rẹ̀ ti jẹ ẹran onímájèlé tí òun fúnra rẹ̀ dẹ sílẹ̀, tí gbogbo wọn sì kú, tí kò ku ẹyọ kan. Ó jókòó láàárín wọn, ó ń ká àbámọ̀.

Ẹni tó rúbọ gbó, ó tọ́, ìlú rẹ̀ sì gbèrú. Títí di òní, bí igún bá ń fò kọjá lókè Ìgbó-Àràbà, tí àlejò bá yínmú sí i, ọmọ ibẹ̀ yóò nàka sókè, yóò ní: "Tiwa nìyẹn."