Ọ̀nà Ẹ̀yìn Ilé Òkété

Ààlọ́ o.
Ààlọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní nǹkan kan. Nínú ilé tí gbogbo wa jọ ń gbé, ta ló láṣẹ láti wo ohun kan kó sì sọ pé, èyí ti di pàǹtí? Ẹ má wò mí. Àwẹ̀ró, ìyàwó ilé Òkété, tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí, títí di òní olónìí kò tíì rí i dáhùn.

Àlọ́ mi ta pọ́ún, ó já gììrì. Kò já sáàfin, kò já sóko olóko. Inú ihò òkété ló já sí, lábẹ́ ọ̀pẹ kan tó dá dúró nínú ẹgàn.

Láyé ìgbà náà, ìrù òkété dúdú láti ìdí dé ṣóńṣó. Wọn kì í sì í gbẹ́ ilé kí wọ́n má gbẹ́ ọ̀nà méjì sí i. Ọ̀nà iwájú ni gbogbo ayé mọ̀. Ti ẹ̀yìn, wọn kì í gbà á rárá. Iyẹ̀pẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń bo ojú rẹ̀ kí ọ̀tá má baà rí i. Ọjọ́ tí ikú bá dúró síwájú ni wọ́n ń forí lu iyẹ̀pẹ̀ yẹn, pòó, wọ́n a sì bọ́ síta.

Àwẹ̀ró ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ mẹ́ta, ojú wọn ò tíì là. Ìyàwó tó kẹ́yìn wọlé ló ń gbálẹ̀, nítorí náà òun ló ń jí gbá a. Á gbá iwájú, á gbá yàrá, á gbá ibi tí wọ́n ń jókòó jẹun. Àmọ́ tó bá ti kan ìhà ẹ̀yìn, ọwọ̀ á kọ́. Kí ló kọ́ ọ? Èèpo èkùrọ́. Ìkarahun ìgbín. Ṣùkù àgbàdo tí eku ilé gan-an ò ní yà wò. Àpáàdì wà níbẹ̀, àkísà wà níbẹ̀, àti abala ẹní tí ikán ti jẹ kù. Gbogbo rẹ̀ ga gègèrè, ó dí ọ̀nà ẹ̀yìn pátápátá.

Ó bi àbúrò ọkọ rẹ̀. Eyínfúnjowó ló ń pè é, nítorí ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé. Eyín òkété ò sì kúkú dúdú. Eyínfúnjowó ní kì í ṣe tòun, ṣùgbọ́n kó má dà á nù o, nǹkan lè wúlò lọ́la. Ó bi ọkọ rẹ̀. Ọkọ ní ẹrù ilé ni, kó lọ bi ìyá òun.

Ìyá Àgbà wà níbi tó máa ń wà, ó fẹ̀yìn ti òkìtì náà, ó ń pa èkùrọ́. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. Ó ní òun fẹ́ tún ẹ̀yìn ṣe, pé ọyẹ́ ti dé, àwọn ọdẹ ti ń fín ihò káàkiri.

Ìyá Àgbà ò gbójú sókè. "Ìyàwó wa, ilẹ̀ la ní kó o wá gbá. A ò ní kó o wá kó wa nílé."

Eyínfúnjowó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní bí ìyàwó àwọn bá kó èyí tán, àwọn fúnra àwọn ló kù tí yóò gbé lọ sí ààtàn.

Lọ́jọ́ kejì, Àwẹ̀ró yọ ṣùkù kan ṣoṣo, ó jù ú síta. Kó tó bojú wẹ̀yìn, Ìyá Àgbà ti lọ he é, ó ti dá a padà sáyè rẹ̀.

Ara Àwẹ̀ró ò balẹ̀ mọ́. Bó bá dùbúlẹ̀ ti ọmọ, á máa fetí sílẹ̀. Gbì, gbì. Ẹsẹ̀ ta nìyẹn? Àgbọ̀nrín lásán ni. Ó wá ń fi orin wúyẹ́wúyẹ́ rẹ ọmọ. Ẹ bá mi gbè é:

Lílé: Ìyá ọkọ mi, ẹ ṣíjú wẹ̀yìn o
Ègbè: Ilé kún
Lílé: Àpáàdì jókòó, ọmọ wà lóròó
Ègbè: Ilé kún
Lílé: Bí èéfín bá dé, ibo la ó gbà?
Ègbè: Ilé kún, ilé mà kún o

Ó di ọjọ́ kan, ọkọ wá oúnjẹ lọ. Ilẹ̀ tún dún: gbì, gbì, gbì. Ìró náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Èyí kì í ṣe àgbọ̀nrín.

Ọdẹ ni. Ó kó koríko gbígbẹ sẹ́nu ọ̀nà iwájú, ó da ata gbígbẹ lé e, ó ṣáná sí i, ó mú abẹ̀bẹ̀. Fẹ́ẹ́, fẹ́ẹ́, fẹ́ẹ́. Èéfín rá pálá wọlé. Ata ta wọ́n nímú. Ikọ́ dé: hùkù, hùkù.

Eyínfúnjowó sáré síwájú, ó rí kùmọ̀ lọ́wọ́ ọdẹ, ó sáré padà. Ó kọjú sẹ́yìn, ó forí sọ òkìtì pàǹtí, gbà. Eyín tó funfun jowó ò rí ibi bù jẹ.

Àwẹ̀ró kó ọmọ sí kọ̀rọ̀, ó dojú kọ òkìtì náà. Ó fa ẹní yọ, ó fa àkísà yọ, ó kì wọ́n bọ ojú ọ̀nà iwájú kí èéfín lè dín kù. Ó tún padà wá. Ṣé ẹ mọ ohun tó bá? Ìyá Àgbà ti sùn gbalaja lé àpáàdì lórí.

"Àwẹ̀ró, má tú u," ló wí. "Mo bẹ̀ ọ́, má tú u."

Ìyá ọkọ ń bẹ ìyàwó. Àwẹ̀ró dúró. Láti ọjọ́ tó ti wọlé, kò gbọ́ irú ohùn yìí rí lẹ́nu ìyá náà. Àmọ́ ó tún gbọ́ nǹkan mìíràn. Ní kọ̀rọ̀, igbe mẹ́ta ti di méjì.

"Ìyá mi," ló wí, "ọ̀kan ti dákẹ́ nínú àwọn ọmọ."

Ìyá Àgbà yíjú. Ó wo ọmọ náà. Ó dìde.

Ẹ̀yin ọmọ, òun gan-an ló wá kọjú sí òkìtì náà. Ó ń fọwọ́ tú u, ó ń fẹsẹ̀ ta á, ó yá ju àwọn ọ̀dọ́ lọ. Ẹ gbè é kíákíá:

Lílé: Fa ṣùkù yọ, ta èèpo nù
Ègbè: Ilé kún
Lílé: Ìkarahun kò sunkún rí
Ègbè: Ilé kún
Lílé: Ọmọ dákẹ́, ẹ fún mi lọ́nà
Ègbè: Ilé kún, ilé mà kún o

Iná já àkísà iwájú. Ó mú èèpo, ó mú ṣùkù. Àwẹ̀ró forí lu iyẹ̀pẹ̀, pòó. Afẹ́fẹ́ wọlé, yẹ̀ẹ̀. Ó gbé èyí tó dákẹ́ sẹ́nu, Eyínfúnjowó gbé àwọn méjì yòókù, wọ́n já sínú igbó. Ìyá Àgbà ló kẹ́yìn. Ìrù rẹ̀ wọ́ gba inú ẹ̀ṣẹ́ná kọjá, ó bó láti àárín dé ṣóńṣó, ó funfun báláú.

Lábẹ́ ewé, Àwẹ̀ró ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ nímú. Kò mira. Ó tún fẹ́ ẹ. Ọmọ náà sín. Lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń gbọ́ ọdẹ tó ṣì ń fẹ́ná: fẹ́ẹ́, fẹ́ẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni ìrù òkété ti jẹ́ dúdú ní ìdí, funfun ní ṣóńṣó. Ilé tuntun tí wọ́n gbẹ́, kò sẹ́ni tó dá gbálẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ohun tí kálukú bá jẹ kù, òun ló ń gbé e jáde. Eyínfúnjowó náà kọ́ bí a ṣe ń di ọwọ̀ mú.

Ibi tí àlọ́ mi gbà wọlé kọ́ ló gbà jáde, ó ti bọ́ síta ní tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó gbé dání ni pé gbogbo ẹni tó bá jọ ń gbélé ló gbọ́dọ̀ jọ tún un ṣe. Ohun tí kò wúlò, ẹ má kó o jọ. Ọ̀nà tí a kì í gbà lójoojúmọ́, ọ̀nà náà ni. Ẹ má fi ẹrù dí i. Ohun tó bá sì ń bà yín lẹ́rù, ẹ fẹnu sọ ọ́ fún ará ilé.

Nítorí Ìyá Àgbà ti kú tipẹ́ kí Àwẹ̀ró tó gbọ́ pé ìyá náà ti bí ọmọbìnrin kan ṣáájú ọkọ òun, àti pé ọ̀nà ẹ̀yìn ni ejò gbà wọlé wá gbé e mì.