Òkun Inú Yàrá Omíyalé

"Níbo ni òkun máa ń sùn?"

Ìbídùn ló bi wọ́n bẹ́ẹ̀ nídìí oúnjẹ. Àgbẹ̀ ni Akíngbadé bàbá rẹ̀; odò tí wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí nìkan ló mọ̀. Etí òkun ni wọ́n bí Omíyalé ìyá rẹ̀ sí, síbẹ̀ òun náà wá èsì tì.

Ọ̀rọ̀ òkun ń dun Omíyalé lọ́kàn. Ìyá rẹ̀ ṣì wà lọ́hùn-ún, kò sì tíì fojú kan ọmọ-ọmọ rẹ̀ rí, nítorí ọ̀sà ló wà láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ lọ, bí Ìbídùn ti rí omi tí kò lópin, ó dì mọ́ igi àgbọn kan ní èbúté, ó ń ké títí ọkọ̀ fi fi wọ́n sílẹ̀. Ní báyìí, ìyá àgbà ti ránṣẹ́ pé ẹsẹ̀ kò gbé òun mọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun rí ọmọ náà kí òjò tó dé.

Omíyalé mọ ilé kùn. Ó po aró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya òkun sí ògiri yàrá tí gbogbo wọn ń sùn, kí ojú ọmọ lè mọ́ omi ńlá kí wọ́n tó tún lọ. Ìrántí ló ń yà. Bí aṣọ ìyá rẹ̀ ṣe máa ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn ló fi ya ìgbì. Pupa tí omi máa ń mú ní ìrọ̀lẹ́, tí bàbá rẹ̀ bá ń tukọ̀ bọ̀, ló fi osùn kùn. Ṣùgbọ́n kí ọmọ má baà bẹ̀rù, ó ya ìgbì náà kéékèèké bí ìpẹ́ ẹja.

Akíngbadé ní, "Ìyá Ìbídùn, ṣé màá kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́ kí n tó dé orí ẹní mi ni?"

Ìbídùn wo ògiri náà títí, ó béèrè bóyá ara òkun yìí kò yá ni ìgbì rẹ̀ fi kéré bẹ́ẹ̀. Kí ìyá rẹ̀ tó fèsì, ó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ ìkòkò aró, ó ń gbá a mọ́ ògiri. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó òkè mọ́, ó ní kí bàbá òun gbé òun sí èjìká. Ìgbì kan àjà. Omíyalé fẹ́ dá a dúró, àmọ́ nígbà tó wo ògiri náà dáadáa, òkun tó mọ̀ léwe ló rí níbẹ̀. Ó mú ẹfun, ó fi funfun sí orí ìgbì ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, abẹ́ omi tó ga ju bàbá rẹ̀ lọ ni Ìbídùn ń sùn.

Nígbà tí wọ́n padà dé èbúté, Omíyalé di ọwọ́ ọmọ mú pinpin. Atukọ̀ tó dá wọn mọ̀ nawọ́ sí igi àgbọn, ó ní òun ti bá ọmọ náà tọ́jú rẹ̀. Ìbídùn kò wo igi. Ó wo ọ̀sà láti ìhín dé ọ̀hún, ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyí? Tilé wa ga jù ú lọ."

Èrò ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ ti wọkọ̀ ṣáájú ìyá rẹ̀.

Lálẹ́, lórí itan ìyá àgbà, tí òkun ń hó lẹ́yìn ilé, ó tún béèrè ìbéèrè rẹ̀. Ìyá àgbà ní òkun kì í sùn. Òun ló ń ṣọ́ ilé kí àwọn ọmọ lè sùn. Kò tíì sọ ọ́ tán tí Ìbídùn fi sùn lọ, ìyá àgbà sì tẹ̀lé e. Omíyalé, tí àníyàn ti gba oorun lójú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń múra ìrìn-àjò, fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, òun náà sì sùn fọnfọn.

Ẹnu atukọ̀ yẹn lọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ó di ti gbogbo ará etí omi, kó tó di òwe lẹ́nu àwọn àgbà pé: ojú tó ti rí òkun, kò ní í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù.