Onílé Tó Ṣí Òrùlé

Òjò ń rọ̀. Ayálégbé sùn sórí bẹ́ẹ̀dì onílé. Onílé sì lóṣòó sábẹ́ agboòrùn nínú yàrá tí kò ní òrùlé.

"Láńlọ́ọ̀dù, kí ló dé?" ni àwọn aládùúgbò ń bi í.

Ìyá arúgbó kan dáhùn láti ojú fèrèsé: "Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀!" Àṣàbí, ọmọ rẹ̀, ayálégbé náà, bú sẹ́rìn-ín.

Ṣáájú èyí, láńlọ́ọ̀dù ló fẹ́ gba yàrá Àṣàbí fún ọmọ tirẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ ní kó fún un lákòókò, kó sì gba ilé ẹjọ́ lọ. Ó kọ̀, ó gun orí ilé, ó ṣí páànù kúrò lórí ìyá àti ọmọ.

"Òjò á lé yín jáde!"

Àṣàbí kò bá a jà. Òun ló gba ilé ẹjọ́ lọ.

"Olúwa mi, n kò lé wọn," ni láńlọ́ọ̀dù wí. "Yàrá náà ṣì ṣeé gbé dáadáa."

"Ó dára, Bàbá," ni adájọ́ fèsì. "Ẹ lọ máa gbé ibẹ̀, kí àwọn wọ̀nyí sì máa gbé yàrá tiyín, títí ẹ ó fi kan páànù padà."

Òrùlé tí onílé ṣí kúrò lórí ẹlòmíràn ló sọ ọ́ di ẹni tí òjò ń pa nínú ilé ara rẹ̀.